Ìyá Aláago àti Ìlàjì Ẹ̀pà

Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ Ìyá Aláago á rò pé aago ló ń tà, tàbí pé ó ń tún un ṣe. Irọ́ ni. Aago ẹyọ kan tó ní kì í tilẹ̀ ṣe tirẹ̀, ti ilé ìwádìí ni, kò sì lè sọ fún ènìyàn bóyá ọ̀sán ti pọ́n tàbí ilẹ̀ ti ń ṣú. Ìṣẹ́jú àáyá nìkan ló mọ̀ ọ́n kà. Ó máa ń rọ̀ sí i lọ́rùn láti aago méje àárọ̀ títí yóò fi bọ́ aṣọ iṣẹ́ sílẹ̀. Nígbà mìíràn á gbàgbé rẹ̀ sọ́rùn lọ sílé, á sì gbé e padà wá lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú ojú ẹni tó jí ẹran nínú ìkòkò.

Akọ̀wé ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Akọ̀wé ni ọmọbìnrin tó ń tẹ nọ́ńbà tí Ìyá Aláago bá kọ sínú kọ̀ǹpútà, ọmọ tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, tó lè fi ojú gidi sọ fún ènìyàn pé ọ̀bọ kan ti gbàyè ìsinmi lọ́wọ́ ọ̀gá. Ó ní ìṣẹ́jú àáyá ni wọ́n ń kà níbẹ̀, ta ló sì yẹ kó máa kà á bí kò ṣe ẹni tó ń bá ìran àáyá gbé? Ìyá Aláago gba orúkọ náà láìjà. Ó ti jẹ́ èyí tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ rí. Nígbà tó ń gbálẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ kan, kó tó wá síbí, Ìyá Ìgbálẹ̀ ni àwọn ọmọ ń pè é, wọ́n á sì máa ju bébà sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ kó lè ríṣẹ́ ṣe. Ó ní òun fẹ́ràn ọ̀bọ jù wọ́n lọ. Ọ̀bọ a máa ju nǹkan lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í fi ni ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọdún kẹsàn-án rèé tó ti wà níbẹ̀. Ilé tó gùn gbọọrọ ni, ògiri rẹ̀ funfun títí dé òkè, ilẹ̀ rẹ̀ dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀ kí omi lè ráyè ṣàn lọ sínú gọ́tà. Ẹni tó bá fẹ́ wọ yàrá àwọn ọ̀bọ gbọ́dọ̀ bọ́ bàtà, kó wọ bọ́ọ̀tù rọ́bà, kó wọ aṣọ tó bo ara láti ọrùn dé ọrùn ẹsẹ̀, ìbọ̀wọ́ méjì lórí ara wọn, ìbòmú, àti gíláàsì tí ooru ẹnu máa ń bò lójú. Tí Ìyá Aláago bá múra tán, kò sí bí ènìyàn ṣe lè mọ̀ bóyá obìnrin ni tàbí àpò sìmẹ́ǹtì. Àwọn ọ̀bọ mọ̀ ọ́n ṣá. Ìró bọ́ọ̀tù ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n, nítorí ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ a máa wọ́ díẹ̀.

Ọ̀bọ mẹ́rìndínlógún ló ń tọ́jú, gbogbo wọn ló sì ní kòkòrò tó jẹ́ ìbátan kòkòrò apa sójà ara tó ń bá ènìyàn jà. Wọ́n fún wọn ni, wọn ò kó o níta. Ọ̀gá ibẹ̀, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí gbogbo wọn ń pè ní Dókítà, ti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà fún un lọ́dún àkọ́kọ́, ó sì là á yé e yékéyéké. Ó ní kòkòrò náà kì í fọ́ ilẹ̀kùn ọpọlọ. Inú sójà ara fúnra rẹ̀ ló ń sá pamọ́ sí, bí olè tó jókòó sẹ́yìn mọ́tò ọlọ́pàá, tí ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà sì ń kí i káàbọ̀. Kì í ju bí ọ̀sẹ̀ méjì lọ tó fi ń débẹ̀. Tó bá débẹ̀ tán, kì í fọwọ́ ara rẹ̀ pa àwọn fọ́nrán tó ń gbé ìrònú. Àwọn ẹ̀ṣọ́ inú ọpọlọ ló ń kó sí lára, tí ara wọn á gbóná, tí wọ́n á máa tu oró sára àwọn fọ́nrán tí wọ́n ní kí wọ́n máa ṣọ́. Ọwọ́ á lọ́ra. Ìrántí á tẹ̀lé e. Oògùn wà tó ń lé e nínú ẹ̀jẹ̀ títí àyẹ̀wò ò fi ní rí i mọ́, ṣùgbọ́n ọpọlọ ní ẹnu ọ̀nà tirẹ̀, oògùn kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ ráyè kọjá. Olè wà nínú ilé, ọlọ́pàá wà níta.

Nítorí ọwọ́ yìí ni aago ṣe wà lọ́rùn Ìyá Aláago. Láràárọ̀, kí ọ̀bọ kankan tó jẹun, á gbé pátákó kan síwájú àgò rẹ̀. Ihò mẹ́jọ ló wà lára pátákó náà, òmíràn gbòòrò, òmíràn há. Ìlàjì ẹ̀pà kọ̀ọ̀kan ló ń wọnú ihò kọ̀ọ̀kan, ojú rẹ̀ tó tẹ́ á sì dojú délẹ̀, bí ìwé òfin iṣẹ́ ṣe wí. Á fa ilẹ̀kùn kékeré sókè, á tẹ aago. Ọ̀bọ á nawọ́, á fi ìka méjì ṣa mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Bí ìkẹjọ bá ti kúrò nínú ihò, á tún tẹ aago, á kọ ohun tó bá rí. Ọ̀bọ tí ara rẹ̀ dá kì í lò ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ. Èyí tó bá kọjá ọgbọ̀n fún ọjọ́ mẹ́fà léra wọn, lọ́jọ́ keje wọ́n á fún un ní abẹ́rẹ́ oorun àsùnùnjí, kí Dókítà lè yẹ ọpọlọ rẹ̀ wò kí àìsàn tó bà á jẹ́ kọjá bó ṣe yẹ.

Láàárín ọdún mẹ́sàn-án, ọ̀bọ mọ́kànlá ló ti kọ nọ́ńbà tó kọjá ọgbọ̀n fún. Kì í sunkún. Á fọ àgò, á da omi gbígbóná sí i, wọ́n á gbé òmíràn wọlé. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ní ọkàn rẹ̀ ti yigbì. Òun náà rò bẹ́ẹ̀.

Àfi ti ọ̀kan. Ìkẹrìnlá ló ń jẹ́ nínú ìwé. Ọkọ Mi ni Ìyá Aláago ń pè é, bí obìnrin ṣe máa ń pe ọmọ kékeré tó bá nílé ọkọ, nítorí pé ọkọ rẹ̀ gangan ṣẹ̀ṣẹ̀ kú nígbà tí ọ̀bọ náà dé, ọ̀bọ náà sì máa ń wo oúnjẹ fín-ín-fín kó tó fọwọ́ kàn án, bí ẹni tó fẹ́ béèrè pé ta ló sè é. Bí olóògbé náà ṣe ń ṣe nìyẹn. Akọ̀wé gbé ọ̀rọ̀ náà lórí. Lọ́jọ́ kan ó lẹ bébà mọ́ àgò pé baálé ilé yìí kì í gba àlejò tí kò sọ tẹ́lẹ̀. Láràárọ̀ ló sì ń béèrè bóyá baálé jí dáadáa, bóyá wọn ò bínú pé ìyàwó pẹ́. Ìyá Aláago á dá a lóhùn pé ara wọn le, pé ìyàwó kékeré ni wọ́n ń wá báyìí, wọ́n sì ti gbọ́ pé akọ̀wé kan wà tí kò tíì lọ́kọ.

Nílé, òun àti àbúrò rẹ̀ obìnrin ni wọ́n jọ ń gbé, nínú yàrá méjì tó kọjú síra wọn. Télọ̀ ni àbúrò yìí. Ọdún kọkànlá rèé tó ti ń lo oògùn kòkòrò apa sójà ara, ẹyọ kan lójúmọ́, kò pa ọjọ́ kan jẹ rí. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́ tónítóní. Gbogbo ìgbà tó bá lọ sí kílíníkì ni wọ́n ń sọ fún un pé wọn ò rí kòkòrò náà mọ́, á sì dáhùn pé òun náà ò rí i, tó bá yọjú kí wọ́n bá òun kí i. Àmọ́ láti ọdún tó kọjá, abẹ́rẹ́ ti ń já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń gbàgbé ìwọ̀n àwọn oníbàárà tó ti mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ó rán apá aṣọ ọkùnrin kan mọ́ ibi ọrùn, nígbà tí ọkùnrin náà sì fajú ro, ó bi í pé ṣé kì í ṣe oníbàárà fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n dá àrà tuntun. Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Àbúrò náà rẹ́rìn-ín tirẹ̀. Nígbà tí oníbàárà lọ tán, ó jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ, kò rán nǹkan kan mọ́ títí ìrọ̀lẹ́ fi lẹ́.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ọwọ́ Ọkọ Mi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ra. Mẹ́rìnlá. Mọ́kàndínlógún. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ̀pà inú ihò tó há jù ń yí lábẹ́ ìka rẹ̀, ó ń yí, aago ń lọ, ó di mọ́kàndínlógójì. Ìyá Aláago kọ ọ́ sílẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tó ń to ẹ̀pà, ó gbé ìlàjì kan dúró lóòró nínú ihò, orí rẹ̀ yọ jáde díẹ̀ bí orí ọmọ lójú fèrèsé. Kò gbèrò rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ló ṣe é. Ọkọ Mi mú un wàrà. Lọ́jọ́ kẹta, mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ló dúró lóòró.

Bó ṣe di àṣà nìyẹn. Fún àwọn yòókù, ẹ̀pà á dojú délẹ̀. Fún ìkẹrìnlá, á dúró. Ìyá Aláago kò yí nọ́ńbà kankan padà o. Ohun tí aago bá sọ ló ń kọ: mẹ́tàlá, mọ́kànlá, méjìlá. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé òun ò purọ́, pé ẹ̀pà ló dúró, òun ò fọwọ́ kan aago. Ẹni tó bá fẹ́ tan ara rẹ̀ jẹ kì í wá ẹlẹ́rìí jìnnà. Ọ̀sẹ̀ méje ló fi ṣe é. Akọ̀wé ń tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, ó ń ní baálé ti padà di ọ̀dọ́mọkùnrin, kí Ìyá wí ohun tí wọ́n ń fún wọn jẹ.

Ohun tí wọ́n ń fún un jẹ gan-an ni Dókítà torí rẹ̀ pè wọ́n sí ìpàdé. Oògùn àtijọ́ kan ni, tí àwọn ènìyàn ti ń lò fún àìsàn mìíràn. Dókítà fẹ́ mọ̀ bóyá ó lè wọnú ọpọlọ kí ó mú ara àwọn ẹ̀ṣọ́ ibẹ̀ rọlẹ̀. Ọ̀bọ mẹ́ta gba ìwọ̀n kékeré, ọwọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti lọ́ra. Méjì gba ìwọ̀n ńlá. Ọ̀kan nínú wọn ti kú láti ìbẹ̀rẹ̀, oògùn náà ba kídìnrín rẹ̀ jẹ́. Ìkẹrìnlá ló kù. Dókítà tan iná sára ògiri, ó fi ìlà ìkẹrìnlá hàn wọ́n, ìlà tó gòkè lẹ́ẹ̀kan tó sì wá wálẹ̀, tó tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní. Ó ní òun mọ̀ pé ọ̀bọ kan ò tó ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n kílíníkì kan ti ń dán ìwọ̀n kékeré wò lára àwọn ènìyàn, èsì àwọn ọ̀bọ ni kílíníkì náà sì ń dúró dè kí wọ́n lè gbé ìwọ̀n náà sókè. Òun ti fi ìwé ránṣẹ́ sí wọn láàárọ̀ yẹn. Dókítà tí kì í rẹ́rìn-ín rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà.

Ìyá Aláago ń wo ìlà tó tẹ́ pẹrẹsẹ náà. Ara rẹ̀ ṣe bí ìgbà tí ènìyàn bá sùn lé apá ara rẹ̀ lórí, tí apá náà wà níbẹ̀, tí kì í sì í ṣe tẹni mọ́.

Nígbà tó délé, àbúrò rẹ̀ ti ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìwé kan. Kílíníkì rẹ̀ ni Dókítà ń sọ. Wọ́n ń wá àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn mọ́ tí ọwọ́ wọn sì ń ṣe ségesège, ìwọ̀n ńlá ni wọ́n fẹ́ fún wọn. Ó ní wọ́n ṣàlàyé fún òun pé oògùn náà le mọ́ kídìnrín, òun sì ti sọ fún wọn pé kídìnrín kì í rán bọ́tìnì. Ó fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n òun buwọ́ lùwé gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí.

“Ẹ̀gbọ́n, nọ́ọ̀sì ní ọ̀bọ kan lò ó, ọwọ́ rẹ̀ sì bọ̀ sípò,” ó ní. “Ọ̀bọ lásán. Tí ọ̀bọ bá rí i ṣe, èmi tí mo lọ sílé ẹ̀kọ́ ńkọ́?”

Ìyá Aláago gba ìwé náà. Ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò mọ ohun tó kà. Ó ní kó jẹ́ kó di ọ̀la. Àbúrò rẹ̀ ní kò burú, pé àgbà kì í kánjú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìbuwọ́lùwé ẹni tó ń kọ nọ́ńbà fún ọ̀bọ kò yẹ kó gbówó lórí tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n jẹun. Ìyá Aláago fọ abọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kó tó wọ bọ́ọ̀tù, ó kan ilẹ̀kùn Dókítà. Kò sunkún, kò wólẹ̀. Ó bu ẹ̀pà díẹ̀ dání.

“Dókítà, ara ìkẹrìnlá kò yá,” ó ní. “Èmi ni mò ń gbé ẹ̀pà dúró fún un.”

Ọ̀rọ̀ náà kò kọ́kọ́ yé Dókítà. Ìyá Aláago wá la ẹ̀pà kan sí méjì lórí tábìlì, ó da ojú ìlàjì kan délẹ̀, ó gbé ìkejì dúró lóòró nínú ìdérí kálàmù. Dókítà fi ìka kan èkíní, ó yọ̀ lọ. Ó fi ìka kan ìkejì, ó mú un. Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. Ó béèrè ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀, Ìyá Aláago sọ fún un. Ó béèrè ìdí rẹ̀. Ìyá Aláago wo ẹ̀pà orí tábìlì, ó ní òun ò mọ̀, pé ọwọ́ òun ló ṣe é. Lẹ́yìn ìyẹn ó ní àbúrò òun wà lára àwọn tí kílíníkì kọ orúkọ wọn. Ó ń retí kí ọkùnrin náà pariwo mọ́ òun. Dókítà ò pariwo. Ó gbé fóònù, ó pe kílíníkì, ó ní kí wọ́n má tíì fún ẹnikẹ́ni ní ìwọ̀n ńlá, ó sì ń sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì-mẹ́ta bí ẹni tí etí ẹnìkejì di.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n lọ sí yàrá àwọn ọ̀bọ. Dókítà fúnra rẹ̀ ló to ẹ̀pà, mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ dojú délẹ̀. Akọ̀wé gba aago. Ọkọ Mi nawọ́. Ó mú ti inú àwọn ihò tó gbòòrò, ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe bí ẹni tó wọ ìbọ̀wọ́. Ẹ̀pà inú ihò tó há ń yí. Ó ń yí. Nígbà tí aago lé ní ọgọ́ta, ọ̀bọ náà fa ọwọ́ sẹ́yìn. Kò wo Dókítà. Ìyá Aláago ló wò, ó sì dúró pẹ̀sẹ̀, bí ẹni tó mọ̀ pé ẹni tó máa ń ṣe nǹkan náà fún òun máa tó ṣe é.

Ìyá Aláago kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. Akọ̀wé kò sọ nǹkan kan nípa baálé.

Òfin ni òfin. Ọjọ́ mẹ́fà ni wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀, ẹ̀pà dojú délẹ̀, nọ́ńbà kò sì wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀bọ náà ń wo Ìyá Aláago lójoojúmọ́. Ní ọjọ́ karùn-ún kò wò ó mọ́. Ní ọjọ́ keje, Dókítà béèrè lọ́wọ́ Ìyá Aláago bóyá á fẹ́ dúró síta, ó ní rárá. Ó di ọwọ́ ọ̀bọ náà mú nínú ìbọ̀wọ́ méjì, kò lè mọ̀ bóyá ọwọ́ náà gbóná tàbí ó tutù. Oorun náà kò pẹ́ dé. Ìyá Aláago lọ fọ àgò. Akọ̀wé wọlé wá, ó mú búrọ́ọ̀ṣì kejì, wọ́n jọ ń fọ̀ ọ́, ọ̀kan nínú, ọ̀kan níta. Nígbà tó yá, Akọ̀wé ní ọṣẹ náà kò hó tó. Ìyá Aláago fi kún un.

Wọn ò lé e níbi iṣẹ́. Dókítà kọ ẹ̀sùn sínú fáìlì rẹ̀, ó gba aago náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní láti ìsinsìnyí fífọ àti bíbọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ó pè é, ó ní kó wá wo ègé ọpọlọ ìkẹrìnlá nínú ẹ̀rọ awò-kékeré-di-ńlá. Ìyá Aláago dojú kọ ọ́. Ó rí ojú ilẹ̀ aláwọ̀ eérú, àmì pupa rúsúrúsú sì kún orí rẹ̀, wọ́n gbára jọ síbi kan bí èèrà tó ṣù bo ṣúgà. Dókítà ní àwọn ẹ̀ṣọ́ tí ara wọn gbóná nìyẹn. Ó ní oògùn náà kò ràn án lọ́wọ́ rárá. Ìyá Aláago bi í pé ibo ni ti ọwọ́ níbẹ̀. Dókítà fi ṣónṣó bírò tọ́ka sí i. Ìyá Aláago ní ó ṣeun, ó padà sídìí omi rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni kílíníkì ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀. Àbúrò náà ń ká aṣọ lórí tábìlì nígbà tí Ìyá Aláago wọlé. Ó ní wọ́n ti fagi lé ìwọ̀n ńlá, pé ọ̀bọ yẹn kò sàn rárá, ẹnìkan ló ń ràn án lọ́wọ́ ní kọ̀rọ̀. Ó ní òun rẹ́rìn-ín títí nígbà tí wọ́n sọ fún òun. Irú ènìyàn wo ló máa ń ran ọ̀bọ ṣe ìdánwò?

“Èmi ni,” Ìyá Aláago ní.

Àbúrò náà dáwọ́ aṣọ kíká dúró. Ó béèrè bóyá ọwọ́ ọ̀bọ náà rí bí ti òun. Ìyá Aláago ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó béèrè bóyá ó burú jù tòun lọ. Ìyá Aláago ní nígbẹ̀yìn, bẹ́ẹ̀ ni.

“Mo mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ máa ń fi òwú sí gbogbo abẹ́rẹ́ mi kí ẹ tó lọ síbi iṣẹ́,” àbúrò náà ní. “Mo kàn ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. Ẹ má fi sí i mọ́, ẹ̀gbọ́n mi.”

Ìyá Aláago ní òun gbọ́.

Àbúrò náà fa àga, ó jókòó, ó yọ òwú inú abẹ́rẹ́ kan dànù. Ó gé òmíràn, ó fi itọ́ sí ẹnu òwú náà, ó gbé abẹ́rẹ́ sókè síbi iná. Òwú kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú abẹ́rẹ́. Ó tún gbé e. Ó tún kọjá. Ìyá Aláago jókòó sí ẹ̀bá tábìlì, ó ki ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan, ó ń wò ó.